Ẹ Gba Ìgò Yẹn Lọ́wọ́ Òkú Méjọ̀

Ọkọ àbúrò mi kú lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn wà lókè, dókítà wà nínú ilé, nọ́ọ̀sì wà lórí àga, omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, iná mọ̀nàmọ́ná kò lọ. Ohun gbogbo tó ń jẹ́ ilé ìwòsàn ló wà níbẹ̀, àfi ẹni tó máa dìde. Ilé ìwòsàn àwọn ológun ni. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri wọn pé àwọn kì í gbàgbé ẹni tó bá fi ara rẹ̀ jìn fún ilẹ̀ yìí. Abẹ́ àkọlé yẹn gan-an ni bẹ́ǹṣì náà wà.

Ohun tó gbé e débẹ̀ kò ju ìṣubú lọ. Ó ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn àwọn ológun, tó wà nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú ilé ìwòsàn yìí. Òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú sẹ́yìn, orí rẹ̀ sì kan sìmẹ́ǹtì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì tó wà ní géètì gbé e lábíyá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó gbé ọmọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà rí gbogbo rẹ̀, òun ló sì sọ fún wa.

Ẹ̀ṣọ́ kan ní, "Nọ́ọ̀sì, oníbàárà yín rèé o."

Nọ́ọ̀sì fa fáìlì ọkùnrin náà yọ, ó wo ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì mí kanlẹ̀. "Háà, ọ̀rẹ́ onígò. Ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀ yẹn jàre, kí ọtí dá lójú ẹ̀ ná."

Obìnrin náà ní, "Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ létí ẹ̀ o."

"Ṣé ìwọ ni dókítà ni? Gbé ọmọ ẹ dáadáa."

Ọtí kò dá lójú rẹ̀. Báwo ni ìbá ṣe dá? Kò sí ọtí lójú rẹ̀, kò sí nínú rẹ̀, kò sí lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dà sínú agbárí rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí àwọn èèyàn ń kọjá níwájú rẹ̀ lọ jẹun, tí wọ́n ń bọ̀. Nígbà tí ẹnì kan máa fi rántí pé ó yẹ kí ọ̀mùtí máa hanrun, ọkùnrin náà ti dákẹ́.

Ìyàwó mi ní kí n má kọ èyí. Ó ní ológun kì í ṣe ẹni tí à ń fi ìwé ìròyìn bá jà, pé ilẹ̀kùn ilé wa kò lágbára. Òótọ́ ni, kò lágbára. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń fi ẹ̀rù ra ẹ̀mí gígùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún yín. Méjọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí méjọ̀ ni ipò tó wà kí wọ́n tó lé e. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń lọ aṣọ rẹ̀ débi pé bí ó bá jókòó, ó dà bíi pé aṣọ náà ni kò fẹ́ kó jókòó. Ọjọ́ ìsinmi ni ọjọ́ bàtà nílé rẹ̀. Á kó bàtà gbogbo ilé sílẹ̀, ti ìyàwó, ti ọmọ, ti àlejò, á sì máa dán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá dé, kò ní kí mi tán kó tó wo ẹsẹ̀ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ ọ wá."

"Méjọ̀, bàtà mi kò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ̀ṣẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ṣẹ̀ ni bàtà yìí. Ẹ bọ́ ọ wá kí n bá yín tọrọ àforíjì."

Bàbá rẹ̀ ló mutí. Ó yẹ kí ẹ mọ èyí, nítorí òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń rán an lọ gbé bàbá rẹ̀ nílé ọtí. Á fi apá bàbá náà kọ́ èjìká ara rẹ̀, á wọ́ ọ gba ojú títì kọjá, àwọn ọmọ ilé ìwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa tẹ̀ lé wọn, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Ó sọ fún mi pé ojú ọ̀nà yẹn ni òun ti búra pé ọtí kò ní kan ètè òun láéláé. Kò sì kàn án. Lọ́jọ́ tó fẹ́ àbúrò mi, omi ló wà nínú ife rẹ̀ nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ológun gbé ife tiwọn sókè. Ọ̀kan nínú wọn da ọtí díẹ̀ sí i láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé ife náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó rìn lọ wá ife mìíràn. Oògùn ikọ́ gan-an, á kọ́kọ́ ní kí ọmọ òun ka ohun tí wọ́n fi ṣe é sí òun létí. Àbúrò mi á ní, "Ọkọ mi, ikọ́ á pa ọ́ kí ọtí tó rí ọ."

Ọkùnrin yìí ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé torí ọtí ni àwọn ṣe lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun.

Oníbọn àgbá ni. Ibi tí ó ti ṣiṣẹ́, wọ́n ní àṣà kan. Ọmọ ogun lè di etí nígbà tí àgbá bá fẹ́ dún, ọ́físà kì í di tirẹ̀. Kò sí nínú òfin kankan. Àṣà wọn ni, ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá. Wọ́n ní bí àwọn ọmọ ogun bá rí ọ́físà tó ti ìka bọ etí, ọkàn wọn á já. Nítorí náà, ọ́físà á dúró gbọnrangandan lápá òsì àgbá, ọwọ́ lẹ́yìn, etí ní gbangba, ojú tútù bíi ti ẹni tó ń gbọ́ orin. Méjọ̀ dúró bẹ́ẹ̀ láti ìgbà èwe títí irun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Etí ọ̀tún rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Àbúrò mi kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ó kàn kọ́ bí a ti ń rìn lápá òsì ọkọ ẹni, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè wọlé. Títí di òní, bí àbúrò mi bá ń bá èèyàn rìn lójú títì, apá òsì ló máa ń bọ́ sí.

Etí tó kú kì í dá kú. Dókítà elétí kan tó tọ́jú rẹ̀ níkẹyìn ló là wá lójú. Ó ní inú etí lọ́hùn-ún ni ohun tó ń mú ara dúró ṣinṣin wà, pé bí ìró ńlá bá ba ibẹ̀ jẹ́, ilẹ̀ á máa yí fún onítọ̀hún nígbà tí kò retí. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ nígbà náà? Ó di ọjọ́ páréèdì kan tí àwọn àlejò ńláńlá wá. Wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo ológun yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Méjọ̀ yí padà, ilẹ̀ náà sì bá a yí. Ó ta gbọ̀ọ́n-gbọ̀ọ́n lọ lu ẹni tó gbé àsíá, òun àti àsíá sì jọ wólẹ̀ níwájú àwọn àlejò.

Ojú ti ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tí ojú bá sì tì, á wá ẹni tí yóò gbé ìtìjú rẹ̀ rù. Wọ́n mú Méjọ̀ wọ yàrá ẹ̀ṣọ́. Ṣé wọ́n gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀? Rárá. Ṣé wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò? Rárá o. Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n fa ìlà tààrà kan sílẹ̀, wọ́n ní kó rìn lórí rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe ń mọ ẹni tó ti mutí láti ayébáyé. Ọkùnrin tí òòyì ń kọ́ gbé ẹsẹ̀, ó yà kúrò lórí ìlà. Ó parí. Ṣọ́ọ̀kì ti jẹ́rìí.

Ẹ má rò pé àṣìṣe lásán ni. Bí wọ́n bá kọ "etí" sínú ìwé yẹn, ẹnì kan máa béèrè ohun tó ba etí náà jẹ́. Yóò béèrè ẹni tó ní kí ọ́físà má di etí. Yóò ní kí wọ́n yẹ etí àwọn ọ́físà yòókù wò. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Ọtí ló rọrùn. Ọtí kì í béèrè ìbéèrè. Ọtí kì í fi ìka na ọ̀gá kankan. Wọ́n bá wá ìgò kan, wọ́n fi há ọkùnrin náà lọ́wọ́, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún un.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Kò pẹ́ tí Méjọ̀ fi di Méjọ̀ Onígò ládùúgbò. Bí ó bá ta gbọ̀ọ́n-gbọ̀ọ́n níwájú ilé búrẹ́dì, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? Ìwé ti sọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ti fọwọ́ sí i." Àwọn ọmọdé á tẹ̀ lé e, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Ẹ ronú sí i: àtẹ́wọ́ kan náà, ìtìjú kan náà, ọkùnrin tó ti sá fún un ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó wá iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ lọ sí ilé iṣẹ́ kan. Wọ́n béèrè ohun tó lé e kúrò nínú iṣẹ́ ológun, ó sọ ohun tí wọ́n kọ, nítorí kì í purọ́. Wọ́n ní àwọn kò lè gba ọ̀mùtí síṣẹ́. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ọtí ni! Ilé iṣẹ́ tó ń pọn ọtí fún ìlú ló ṣíjú wo ọkùnrin kan ṣoṣo tí kò rà á rí, wọ́n ní ọtí rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Àbúrò mi ló ní kó lọ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Mo ń bẹ̀rù rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò ní tan yín. Mo bẹ̀rù bọ́ọ̀sì tó máa wọ̀, mo bẹ̀rù ojú títì tó máa dá kọjá. Jù lọ, mo bẹ̀rù àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yẹn, tí kò ní irin ìdìmú kankan. Méjọ̀ náà rí i. Ó bẹ akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé kí wọ́n jọ̀ọ́ ṣe irin síbẹ̀. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, àwọn tí kò mutí ń gùn ún láìsí irin."

Ẹ rántí pé ìgbìmọ̀ yìí ni wọ́n gbé kalẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú nítorí pé alága rìnrìn àjò. Wọ́n sún un nítorí pé dókítà ológun tó yẹ kó wá sọ̀rọ̀ ti fẹ̀yìntì. Wọ́n sún un nítorí pé wọ́n ń kun yàrá ìgbẹ́jọ́. Ọmọbìnrin Méjọ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe, dàgbà kúrò lọ́mọ ilé ìwé, ó kọ́ṣẹ́, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹjọ́ bàbá rẹ̀ kò tíì kúrò lójú kan.

Ìgbà kan wà tí alága pè é wọlé, tí ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Èmi ni mo tẹ̀ lé e, mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Alága náà, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìntì, ọkùnrin sísanra tó máa ń nu awò ojú rẹ̀ bí ẹni pé òótọ́ máa hàn sí i lọ́jọ́ kan, ní, "Méjọ̀, a ò fẹ́ fìyà jẹ ọ́. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọtí ni, pé o kábàámọ̀, a ó sì fi àánú wò ọ́. A ó yí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ padà sí àìlera. Ó tán."

Méjọ̀ ní, "Ẹ ṣé, sà. Àánú kọ́ ni mo wá gbà."

"Kí wá lo wá gbà?"

"Ohun tí ẹ mú, sà."

Inú bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà sílé ni mo ti bá a wí. Mo jókòó sápá òsì rẹ̀ kó lè gbọ́ mi. Mo ní, "Méjọ̀, ṣé àìlera kò sàn ju ọtí lọ ni? Gbà á. Ẹ sinmi. Àbúrò mi kì í sùn mọ́."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi gbé bàbá mi nílé ọtí. Mi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi gbé mi níbẹ̀, ìbáà ṣe inú ìwé."

Mo wo ojú fèrèsé títí a fi délé.

Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìrìn. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an ni: àgbà ọkùnrin tó ti kó ọmọ ogun lẹ́yìn rí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìrìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Ó fa ìlà ṣọ́ọ̀kì láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Dókítà elétí ti sọ fún un pé bí ó bá tẹ ojú mọ́ ohun kan tí kì í mì, ojú lè ran etí lọ́wọ́. Ó so aago mọ́ ògiri, ó sì ń tẹjú mọ́ aago náà, ó ń rìn. Àbúrò mi ò pa ìlà yẹn rẹ́ rí. Ó ń gbálẹ̀ lápá ọ̀tún, ó ń gbálẹ̀ lápá òsì, ó sì ń fi ìlà sílẹ̀ láàárín. Bí mo bá wá kí wọn, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo máa ń gbà, kí n má baà tẹ ẹjọ́ náà mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó gbẹ̀yìn pé. Dókítà elétí wá, ó ṣàlàyé, àwọn ìgbìmọ̀ ń wo àjà. Nígbà náà ni Méjọ̀ dìde, ó sì yọ ṣọ́ọ̀kì kan nínú àpò rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìlà ni wọ́n fi dá mi lẹ́bi. Ẹ fa òmíràn. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ fà á."

Alága ní, "Eré orí ìtàgé kọ́ la wá ṣe síbí."

Obìnrin kan wà nínú ìgbìmọ̀ náà, òun nìkan ni kò wo àjà. Ó ní, "Alága, ẹ jẹ́ kó rìn. Kí ni ìrìn máa bàjẹ́?" Ó sì dìde, ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà láti ẹsẹ̀ Méjọ̀ dé ẹsẹ̀ tábìlì wọn.

Méjọ̀ tẹjú mọ́ aago ara ògiri. Ó rìn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin yẹn rìn! Ó rìn bí òwú tí a nà láàárín èékánná méjì, lọ àti bọ̀, bàtà rẹ̀ ń dán, kò yà. Dókítà wá ní kó di ojú rẹ̀, kó tún un rìn. Mo ti na ọwọ́ méjèèjì. Ó ti mọ̀ mí, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbá mi mú o." Ó di ojú. Kò rìn jìnnà rárá kó tó ya bàrá, tó fi èjìká lu tábìlì wọn, ìwé gbogbo sì tú ká.

Dókítà wo alága, ó ní, "Sà, ṣé ọtí kan wà tó máa ń lọ bí ojú bá là, tó tún máa ń padà bí ojú bá dì?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó kó ìwé rẹ̀ jọ, ó nu awò rẹ̀, ó ní, "A ti gbọ́. Ẹ máa retí ìdájọ́."

A retí. Ṣé ẹ mọ bí èèyàn ṣe ń retí? Bí kẹ̀kẹ́ ẹni tó ń pín lẹ́tà bá dún lójú títì, Méjọ̀ á yọjú. Nígbà tó sú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ béèrè fúnra rẹ̀. Akọ̀wé á ní, "Bàbá, ìdájọ́ ti wà. Ó ku kí wọ́n tẹ̀ ẹ́." Bí ó bá padà, á ní, "Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ó ku kí alága fọwọ́ sí i." Bí ó bá tún padà, á ní alága kò sí nílé. Ìlọ bẹ́ẹ̀ kan ló lọ tí àtẹ̀gùn fi gbé e ṣubú. Ọwọ́ rẹ̀ wá irin ìdìmú, kò sí irin. Wọ́n gbé e tọ nọ́ọ̀sì lọ, nọ́ọ̀sì ka ohun tí ọ̀gá Méjọ̀ ti kọ nígbà tí òun gan-an ṣì wà nílé ìwé. Ìyókù ni mo ti sọ fún yín.

Ẹ rò pé ó parí? Ọmọ rẹ̀ lọ gba ìwé ẹ̀rí ikú kó lè gbé òkú bàbá rẹ̀. Èmi àti ìyá rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ ohun tó pa èèyàn. Àmujù ọtí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́, pẹ̀lú òǹtẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ọmọ náà béèrè lọ́wọ́ dókítà tó wà lórí àga, "Ṣé ẹ yẹ òkú rẹ̀ wò?"

"Ohun tó wà nínú fáìlì la kọ, màdámú."

"Mo ní, ṣé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Fáìlì náà ṣe kedere."

"Dókítà, fíríìjì gan-an, mo máa ń ṣí i kí n tó sọ ohun tó pa á."

Dókítà náà bínú. Ó ní bí wọn kò bá fẹ́ gba ìwé, kí wọ́n fi òkú sílẹ̀. Nígbà náà ni àbúrò mi fi ìka kan ṣoṣo ti ìwé náà padà lórí tábìlì, bí ẹni pé ó dọ̀tí. Ó ní, "Ẹ ní kí n wá gbé ọkọ mi. Ọkọ ta ni? Ẹni tí ẹ kọ síbí yìí, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi wá tèmi."

A bẹ dókítà elétí, ó mú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan wá sí mọ́ṣúárì, wọ́n yẹ òkú náà wò. Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ nínú agbárí. Wọn kò rí ọtí, kódà ẹ̀kán kan. Ilé ìwòsàn ní dókítà ìta ni wọ́n, pé àwọn kì í ka ọ̀rọ̀ ará ìta sí. Ọmọ náà gba ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ lọ, ó ní kí wọ́n fún òun ní ìdájọ́ bàbá òun. Akọ̀wé wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó ní, "Òkú kì í pe ẹjọ́. Ẹni tó pè é ti kú, ẹjọ́ náà ti kú."

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n! Ẹ fa ẹjọ́ gùn títí ẹni tó pè é fi kú lẹ́nu ọ̀nà yín, lẹ́yìn náà ẹ wá ní ikú rẹ̀ ni ìdájọ́. Bí òkú kò bá lè pe ẹjọ́, ṣé òkú wá lè mutí ni? Ẹ̀yin tí ẹ kò lè yí ọ̀rọ̀ kan padà fún un nígbà tó wà láàyè, báwo ni ọwọ́ yín ṣe yá tó bẹ́ẹ̀ láti tún ọ̀rọ̀ kan náà kọ fún un nígbà tó kú? Kò sí ẹni tó rìnrìn àjò lọ́jọ́ yẹn? Wọn ò kun yàrá kankan?

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ. Wọ́n ní kí a sin ọkùnrin náà, kí ara tù ú, pé ìwé kò ní bá a wọ ilẹ̀. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Wọ́n ti fi ìjánu tí kì í ṣe tirẹ̀ fa Méjọ̀ kiri láti ojú títì dé ilé iṣẹ́, láti ilé iṣẹ́ dé orí bẹ́ǹṣì. Ṣé a ó wá fi fà á wọ sàréè? Àbúrò mi ti ní rárá. Ọmọ rẹ̀ ti ní rárá. Mọ́ṣúárì ló wà títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, àyà mi sì ń já lójoojúmọ́ pé iná ibẹ̀ lè lọ, pé wọ́n lè sún un síbi tí a kò ní rí i mọ́. Ṣùgbọ́n èmi náà, ẹni tí gbogbo ẹbí mọ̀ sí ẹlẹ́rù, mo ti ní rárá.

Nítorí náà, ẹ̀yin alága, ìwé yìí di tiyín. Ìdájọ́ tí akọ̀wé yín ní ó ti wà, tó ní ẹ ti tẹ̀, ẹ gbé e jáde. Bí ẹ bá dá a láre, ẹ kà á sókè. Bí ẹ bá dá a lẹ́bi, ẹ kà á sókè náà, kí ayé lè gbọ́ ohun tí ẹ rí nínú ìrìn tó rìn níwájú yín. Ẹ dárúkọ ọ̀gá tó kọ "ọtí" láìgbọ́ òórùn ẹnu èèyàn. Kí ilé ìwòsàn yín dárúkọ ẹni tó fi fáìlì wo aláìsàn, àti ẹni tó fi fáìlì wo òkú. Kí wọ́n wá dúró níwájú adájọ́ tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín. Kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ nínú ìwé méjèèjì, ti ìyọníṣẹ́ àti ti ikú, kí àbúrò mi lè gbé ọkọ tirẹ̀ lọ sin.

Títí ìgbà náà, ọmọ Méjọ̀ ń wá sí ẹnu ọ̀nà yín láàárọ̀ kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀kì bàbá rẹ̀ ló ń mú lọ́wọ́. Ó ń fa ìlà tààrà láti géètì dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn tó pa bàbá rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yín ń fọ̀ ọ́, ó ń padà wá fà á. Wọ́n ní ẹ̀yin máa ń fo ìlà náà kọjá bí ẹ bá ti sọ̀ nínú ọkọ̀ yín, pé ẹ máa ń gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ fo ọ̀gbàrá. Ẹ má fò ó mọ́, sà. Ẹ rìn lórí rẹ̀. Ojú yín là, etí yín méjèèjì yè, ẹ kò sì mutí. Kí ló dé tí ẹ̀yin kò lè rìn ín?